Àkúrẹ́ tó wà lórí bébà: bí ẹ ṣe lè tọpasẹ̀ ètò ìlú tí wọn ò kọ́

Bí ẹ bá ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ní ẹ̀yìn Àkúrẹ́, lápá Ọ̀bà-Ilé tàbí lójú ọ̀nà Ìgbátòrò, ẹ lè kọsẹ̀ lára òkúta kékeré kan láàárín ebè. Kọnkéré ni. Orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irin wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì fín lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù. Pílà sọ̀fíyọ̀ nìyẹn, èyí tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń sàmì sí igun ilẹ̀. Bí kò bá sí ilé tàbí ọgbà kankan tó bá a mu nítòsí, tí òmíràn sì tún wà níwájú lórí ìlà kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti fẹ́ gbé nǹkan síbẹ̀ rí: ọ̀nà, ọjà, ibùdó ilé iṣẹ́, ẹ́sítéètì. Ètò náà kò dé, pílà rẹ̀ ló dé.

Oríṣi èèyàn méjì ló sábà ń wá irú ètò bẹ́ẹ̀ kiri. Àwọn kan ń kọ ìtàn ìlú. Àwọn kan fẹ́ ra ilẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé ìjọba ti gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì máa tọ̀, nítorí ètò tí wọn ò kọ́ yàtọ̀ sí ètò tó ti kú. Ilé lè má sí níbẹ̀, ọ̀nà lè má sí, kí gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi kéde pé òun gba ilẹ̀ náà, ṣì wà, kí ìlà ètò náà ṣì wà lórí máàpù ní ọ́fíìsì Sọ̀fíyọ̀ Àgbà, olórí àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, kí ẹni tó kọ́lé sí i sì bá ara rẹ̀ ní kóòtù lẹ́yìn ogún ọdún. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ kò ṣòroó mọ̀, ẹnikẹ́ni nílùú lè sọ ọ́. Ibi tí ètò náà dé kó tó dúró ló le, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Ibo ló dé kó tó dúró?

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ to ìpele wọ̀nyí sí i láti òkè wá sílẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹnu, àwòrán, owó nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, gásẹ́ẹ̀tì, kíka igi àti ilé, owó gbà-má-bínú, pílà, kàtàpílà. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò kan dé ìpele kan àfi tí ẹ bá rí ẹ̀rí ìpele yẹn gan-an. Àwòrán aláràbarà tí wọ́n gbé kọ́ sára pátákó lójú títì kò ju àwòrán lọ. Owó tí wọ́n kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kò tíì jẹ́ owó tí wọ́n ná.

Ìpele wọ̀nyí máa ń fò o. Wọ́n lè ri pílà kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè ka igi kòkó àwọn èèyàn lónìí, kí gásẹ́ẹ̀tì má jáde títí ayé. Torí náà ẹ má sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ìpele karùn-ún ti ṣẹlẹ̀, ìkẹrin náà ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jù ni ayẹyẹ. Ìpìlẹ̀ tí gómìnà fi lélẹ̀, pẹ̀lú okùn aláwọ̀ àti ìlù, ẹ̀rí pé ayẹyẹ wáyé ni. Nínú ìwé ìròyìn, ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe dáadáa: wọ́n “fọwọ́ sí i”, wọ́n “fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀”, wọ́n “gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe”, wọ́n “ṣí i”. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹ bá rí ìlà kan náà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra, tí owó ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, iṣẹ́ náà ti há nìyẹn, ohunkóhun tí ìwé ìròyìn ìbáà máa sọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ máa bi ara yín bóyá ó kú ni, tàbí ó ṣí lọ, tàbí ó sún kì, tàbí ó kàn sùn. Kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán, nítorí ibi tí ẹ máa wá ìwé rẹ̀ sí yàtọ̀ síra.

Èyí tó ṣí lọ: ní 1977 ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀, Federal Polytechnic, Àkúrẹ́ ni wọ́n sì gbé e sí. Nígbà tó di 1982 ó ti kó lọ sí Adó-Èkìtì, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Ẹni tó bá ń wá ìwé ètò rẹ̀ ní Àkúrẹ́ nìkan yóò rí ìdajì. Ìdajì yòókù bá ilé ẹ̀kọ́ náà lọ. Bákan náà ni Olókọlá, ní etíkun níbi tí ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ògùn ti pààlà. Àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ fẹ́ dá agbègbè òwò òfẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú èbúté omi jíjìn àti ilé iṣẹ́ gáàsì ńlá. NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba àpapọ̀, àti àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè mẹ́ta, Chevron, Shell àti BG, ni wọ́n jọ wà nínú ti gáàsì náà. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè yọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnì kan ti fọwọ́ sí ìpinnu ìkẹyìn láti náwó kọ́ ọ. Ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti gbé sí agbègbè yẹn, lọ sí Lẹ́kí ní Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí etíkun Oǹdó ì bá dà, ẹ lọ wo Lẹ́kí.

Èyí tó sún kì ló pọ̀ jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í kà sí ètò tí wọn ò kọ́, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lójú. Nínú ètò ìdàgbàsókè kẹta ti orílẹ̀-èdè, 1975 sí 1980, ilé 202,000 ni ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́: 50,000 ní Èkó, 8,000 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 19. Bí 28,500 ni wọ́n parí ní gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba Ṣàgàrí tún gbé tirẹ̀ dé, 40,000 lọ́dún. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlú fi ní ẹ́sítéètì tí wọ́n ń pè ní Ṣàgàrí, Àkúrẹ́ náà sì ní i. Ẹ má wo ilé tó dúró nìkan. Ẹ wá pílánì ẹ́sítéètì látòkè délẹ̀, kí ẹ ka ojú ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ wá ka òrùlé. Ibi tí iye méjèèjì ti yàtọ̀ ni iṣẹ́ yín, pàápàá ibi tí wọ́n kọ ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí pápá ìṣeré sí, nítorí ilé àdáni ló sábà ń gba ibẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Èyí tó sùn lè jí. Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ojú irin Metroline fún Èkó, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ní 2023 ni Èkó tó gun ọkọ̀ ojú irin ti ara rẹ̀.

Ọdún wo ni wọ́n ya máàpù yìí?

Ọ̀pọ̀ pílánì tí ẹ máa rí kò ní ọjọ́ lórí, tàbí kó jẹ́ pé eku ti jẹ igun ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ara pílánì fúnra rẹ̀ máa sọ ọjọ́ orí rẹ̀ bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ ìjọba tó wà lórí rẹ̀. Western Region ṣáájú oṣù karùn-ún 1967. Western State láti ìgbà náà títí di ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, ọjọ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú ìlú. Tí ìpínlẹ̀ Oǹdó tó wà nínú àwòrán bá kó Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé mọ́ra, ó ti wà ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996 tí Èkìtì gba tirẹ̀. Tó bá kọ Federal Polytechnic sí Àkúrẹ́, àárín 1977 sí 1982 ni. Tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, bá wà lórí rẹ̀, ó ti di 1981 tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo owó àti ìwọ̀n. Pọ́n-ùn àti ṣílè lórí ìwé ìṣirò túmọ̀ sí pé wọ́n kọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973, ọjọ́ tí náírà dé. Ẹsẹ̀ bàtà àti máìlì sábà ń jẹ́ ti ṣáájú àárín ọdún 1970 sí 1979, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ayàwòrán ṣì ń fi ẹsẹ̀ bàtà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí náà ẹ má fi èyí nìkan gúnlẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: ọfà kékeré tó ń fi hàn bí ọkọ̀ ṣe máa yí orí ráńdábáọ̀tù. Ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń wakọ̀ sí títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Bí ọfà bá ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, a ti ya pílánì náà ṣáájú ọjọ́ yẹn, tàbí ẹni tó yà á kò tíì gbàgbé.

Èdè òfin náà ń sọ̀rọ̀. Òfin ilẹ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìgbàlẹ̀ máa sọ pé gómìnà “fagi lé” ẹ̀tọ́ onílẹ̀ nítorí ànfààní gbogbo ìlú. Ṣáájú rẹ̀, ìjọba máa ń sọ pé òun “gba” ilẹ̀ náà.

Ibi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti máa ń ṣìnà nìyí: máàpù ìsàlẹ̀ àti ohun tí wọ́n yà lé e lórí kì í ṣe ọmọ ọjọ́ kan náà. Wọ́n lè mú máàpù tí wọ́n yà ní ayé Ọba Adésídà Kìíní, ẹni tó wàjà ní 1957, kí wọ́n wá fi ìlà tuntun ya ọ̀nà tí wọ́n ń gbèrò lé e lórí ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ìlà tó ti ń ṣá ni ti ìsàlẹ̀. Ìlà gígé-gígé ni ti ohun tí wọ́n ń gbèrò. Ẹ wá ọjọ́ fún méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bébà náà yẹ ní mímọ̀. Aláwọ̀ búlúù tó ní ìlà funfun ni àtijọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ funfun pẹ̀lú ìlà búlúù tàbí àlùkò, bí ẹ bá sì ṣí i láti inú ìpamọ́, ó máa ń rùn bí ìtọ̀ àná, nítorí amóníà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tẹ́ irú èyí sí oòrùn láti yà á ní fọ́tò, ìlà rẹ̀ máa ń ṣá. Ní ti àwọ̀, púpọ̀ àwọn ayàwòrán wa ń tẹ̀ lé àṣà àwọn òyìnbó tó kọ́ wọn: àwọ̀ igi fún ilé gbígbé, búlúù fún okòwò, àlùkò fún ilé iṣẹ́, pupa fún ti ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́, àwọ̀ ewé fún ààyè òfo. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ ka àlàyé àwọ̀ tó wà ní igun pílánì.

Níbi tí ìwé wà

Fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú òmìnira, ẹ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àkúrẹ́ ni olú ìlú ẹkùn Oǹdó láyé àwọn òyìnbó, torí náà ẹ béèrè fún ìwé atọ́nà àwọn fáìlì tí wọ́n kọ Ondo Prof (ìyẹn Ondo Province, ẹkùn Oǹdó) sí. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ fáìlì, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá sì ni layout, market, motor park, acquisition àti planning authority. Òfin ètò ìlú 1946 ló jẹ́ kí wọ́n máa dá ìgbìmọ̀ ètò ìlú sílẹ̀ káàkiri, fáìlì tó tẹ̀ lé ọdún yẹn ló sì máa ń kún. Ẹ mú pẹ́ńsù dání. Bírò kì í wọ ibi ìkàwé. Ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì àti nọ́ńbà ojú ewé sílẹ̀ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ kankan, nítorí fọ́tò tí kò ní nọ́ńbà fáìlì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn oṣù kan, àti ẹ̀yin tí ẹ yà á.

Fún 1976 wá sí ìsinsìnyí, Alágbàká ni, àdúgbò tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀, ilé gbígbé àti ètò ìlú ló ní pílánì, Sọ̀fíyọ̀ Àgbà ló ní máàpù tí wọ́n yà gbogbo ìgbàlẹ̀ lé lórí. Ẹ má wọlé lọ béèrè fún “àwọn ètò tí wọn ò ṣe”. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dà bí ẹ̀sùn, ẹ ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ béèrè fún nǹkan kan pàtó: pílánì ìgbàlẹ̀ tó bo ibi báyìí, láti odò báyìí dé ọ̀nà báyìí, láàárín ọdún báyìí sí báyìí. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ gbà á lórí ẹ̀dà tiyín. Òfin òmìnira ìròyìn 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹ lè tọ́ka sí i, àmọ́ ìkíni dáadáa àti ìbéèrè tó ṣe kedere máa ń yá ju òfin lọ.

Ìwé ìròyìn ìgbà náà ṣe pàtàkì: The Hope tí Owena Press ń tẹ̀ ní Àkúrẹ́, Tribune, Daily Times, Sketch. Ojú ewé ìpolówó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìròyìn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ìfitónilétí ìgbàlẹ̀ àti ìpè fún agbaṣẹ́ṣe máa ń wà, pẹ̀lú ìwọ̀n ilẹ̀ àti orúkọ ìletò.

Ìjọba tuntun sì máa ń sọ ètò àtijọ́ ní orúkọ míì. Ẹ má fi orúkọ so ìwé pọ̀. Ibi tó wà àti ìwọ̀n hẹ́kítà rẹ̀ ni kí ẹ fi so ó. Tí orúkọ mẹ́ta bá wà lórí ilẹ̀ kan náà tó tó hẹ́kítà kan náà, ètò kan ṣoṣo ni.

Bí ẹ ṣe máa tẹ́ pílánì àtijọ́ sórí ìlú òde òní

Apá yìí ló gba sùúrù jù, òun náà ló sì ń so èso jù. Ẹ ya pílánì ní fọ́tò láti òkè gan-an, kí ẹ̀rọ dọ́gba pẹ̀lú bébà, láìsí iná fọ́tò. Tó bá tóbi, ẹ yà á ní abala-abala, kí abala kan gun òmíràn tó ìdá mẹ́ta. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bébà máa ń sún kì bó bá ti pẹ́, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìdíwọ̀n tí wọ́n kọ sí i. Ẹ wọn ìlà ìdíwọ̀n tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé 400 ẹsẹ̀ bàtà sí íǹṣì kan, 1:4,800 nìyẹn. Máìlì kan sí íǹṣì kan jẹ́ 1:63,360. Lórí 1:10,000, ìlà tó nípọn tó mìlímítà kan gba mítà 10 lórí ilẹ̀. Ẹ má ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣí i nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan àmì 6 sí 10 tó wà lórí pílánì tó sì ṣì wà lórí ilẹ̀, kí wọ́n tàn ká dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ààfin Déjì, oríta àtijọ́ lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, ilé ìjọsìn tó ti pẹ́, afárá. Ẹ má lo etí odò Àlà, odò ń yà. Ẹ má lo igun ọjà, ọjà ń wú. Tí gbogbo àmì yín bá wà ní àárín ìlú, etí pílánì yóò lọ́, etí yẹn gan-an ni ètò tí wọn ò kọ́ sì sábà máa ń wà. Lórí pílánì 1:10,000, bí nọ́ńbà àṣìṣe tí QGIS gbé jáde bá ju mítà 15 lọ, ẹ wá àmì tó ń parọ́ nínú wọn, kí ẹ yọ ọ́.

Bí pílánì bá ní nọ́ńbà ìlà òró àti ìbú tirẹ̀, ẹ mọ ètò ìwọ̀n tó jẹ́. Fún Àkúrẹ́, tí nọ́ńbà ìhà ìlà oòrùn bá wà ní bí 743,000 tí ti àríwá sì wà ní bí 802,000, UTM 31 ni, ètò ìwọ̀n tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Bó bá jẹ́ bí 308,000 àti 359,000, ti ìgbànú ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ni, West Belt. Bó bá ju mílíọ̀nù kan lọ, ẹ fi 0.3048 sọ ọ́ di púpọ̀, bóyá ẹsẹ̀ bàtà ni. Méjèèjì fìdí múlẹ̀ lórí òkúta L40 ní Minna, kì í ṣe lórí ìwọ̀n tí fóònù yín ń lò. Ẹ yan Minna nínú QGIS, nọ́ńbà 26331 fún UTM, 26391 fún West Belt. Ẹni tó bá yan WGS84, ìyẹn ìwọ̀n ti fóònù, dípò rẹ̀ yóò rí i pé pílánì rẹ̀ sún ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Ó tó láti gbé ọ̀nà tí wọ́n gbèrò kúrò lórí ilẹ̀ aládùúgbò wá sórí tiyín.

Tí pílánì bá ti jókòó, ẹ tẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì sábẹ́ rẹ̀. Landsat ti ń ya ayé láti 1972, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ohun tó bá kéré ju mítà 30 lọ á ṣòkùnkùn nínú àwọn tí wọ́n yà láti 1982. Ẹ yan oṣù kejìlá sí ìkejì, kí ìkùukùu má bò ó. Ẹ wá ìlà gbọọrọ tó gba inú oko kọjá láìsí òrùlé. Ọ̀nà tí wọ́n là tí wọ́n fi sílẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, waya iná ńlá náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí àwòrán tó dán lórí Google Earth, waya iná máa ń ní òjìji òpó ní àlàfo kan náà. Ọ̀nà kì í ní.

Ìṣirò kan tó ń tú àṣírí: ojú ilẹ̀ kan tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 tó bí mítà onígun mẹ́rin 669. Tí ètò bá jẹ́ hẹ́kítà 10, tí ẹ yọ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀nà, gọ́tà àti ààyè gbogbo ìlú, bí ojú ilẹ̀ 97 ló kù. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé 150 ni, ọ̀nà ni wọ́n tà.

Lẹ́nu àwọn àgbà

Ìwé kò ní sọ ẹni tí wọ́n san owó fún. Àwọn ẹbí onílẹ̀ àti àwọn olóyè àdúgbò ló mọ̀. Ẹ má bá wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máàpù. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ sọ orúkọ ẹni tó rán yín wá. Tí bàbá bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ padà wá lọ́la.

Ẹ má béèrè ọdún. “Ọdún wo ni?” máa ń mú kí àgbà fojú bu ọdún kan láti tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bi wọ́n báyìí: “Bàbá, nígbà tí wọ́n wá ka igi kòkó, ṣé Ajásin ni gómìnà ni àbí ayé sójà?” “Ṣé ó ti ṣáájú rògbòdìyàn ìbò 1983?” “Ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà?” “Ṣé Èkìtì ti kúrò lára wa nígbà náà?” Ẹ ó rí i pé wọ́n máa dáhùn láìronú.

Kíka igi ṣe pàtàkì nítorí òfin 1978 kò san owó ilẹ̀ gbalasa fún onílẹ̀. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ ló ń san owó rẹ̀: ilé, igi kòkó, obì, ọ̀pẹ. Ìyá kan lè má rántí hẹ́kítà oko ọkọ rẹ̀, kó sì rántí pé igi kòkó 212 ni wọ́n kà, pé wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sí wọn, pé ẹni tó gba owó fún ẹbí kò mú un délé. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ ya ohun tó fojú rí sọ́tọ̀ sí ohun tó gbọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù, ẹ̀rí rẹ̀ ti gba ọwọ́ lọ́yà kọjá. Ẹ má sì gbé orúkọ ẹnikẹ́ni jáde nínú ohun tí ẹ bá kọ láìgba àṣẹ.

Òfin ní kí wọ́n fi ìwé ìfitónilétí lé ẹni tó ni ilẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó pa. Ẹ béèrè bóyá ìwé náà wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, abẹ́ ibùsùn ló wà, nínú àpótí ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ ra

Ẹ má dá owó sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe charting ní ọ́fíìsì Sọ̀fíyọ̀ Àgbà. Wọ́n máa fi nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà wo orí máàpù ìgbàlẹ̀, wọn yóò sì sọ bóyá ó bọ́ sínú rẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu atalẹ̀ ni pé “ìjọba ti gbàgbé ibẹ̀”. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín ilẹ̀ tí ìjọba gbàgbé àti ilẹ̀ tí ìjọba dá padà. Èyí tí wọ́n dá padà ní gásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, pẹ̀lú pílánì tó fi ibi tó parí sí hàn. Ẹ gba nọ́ńbà gásẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ẹ lọ wá a fúnra yín. Ẹ̀dà fọ́tò tí ó ti di dúdú kò tó, nítorí ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi hàn, ojú ewé pílánì kì í sí níbẹ̀.

Jìbìtì tó wọ́pọ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì rárá. Nọ́ńbà igun ilẹ̀ míì tó mọ́ ni wọ́n ń gbé fún yín láti fi ṣe charting. Èsì máa dára, ilẹ̀ ọ̀tọ̀ lẹ ó sì ra. Torí náà ẹ yan sọ̀fíyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti atalẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e dé ilẹ̀, kí ẹ dúró lórí pílà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù, kí ẹ duro títí GPS rẹ̀ á fi fara balẹ̀ sí bíi mítà 5, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti lẹ́tà tí wọ́n fín sára pílà. Nílé, ẹ yí nọ́ńbà fóònù padà sí Minna, kí ẹ fi wé èyí tó wà lórí pílánì. Bí ìyàtọ̀ bá ju mítà 10 lọ lẹ́yìn tí ẹ ti yí i padà, tàbí tí lẹ́tà ara pílà kò bá ti inú ìwé mu, ẹ má sanwó.